Koríko Màmá Rẹ Ti Sùn

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ níbikíbi tó o bá ń rìn. Ara mi le, àmọ́ ilé ti dá páropáro látìgbà tó o ti mú màmá rẹ lọ sọ́dọ̀ rẹ fún ìtọ́jú, n kò sì mọ ẹni tí mo fẹ́ bá jà mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò dùn-ún gbọ́. Ọ̀gbẹlẹ̀ ti sọ koríko iwájú ilé di gbígbẹ, èyí tí màmá rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, tó ní kí n bá òun tọ́jú títí òun á fi dé. Mo pe ọkùnrin tó ń ta irúgbìn. Ó ní kí n jẹ́ kóun rí i nínú fóònù, ni mo bá da fóònù dojú bolẹ̀ kó lè rí gbòǹgbò. Ó ní òkùnkùn lòun ń rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣókùnkùn lóòótọ́. Nígbà tí mo gbé e sókè, ó rọra sọ pé: “Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, ó ti sùn ni. Ẹ jẹ́ kó sinmi.”

Ọmọ mi, ta ni kò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń túfọ̀ àgbà nìyẹn? Wọn kì í ní ó kú, wọ́n á ní ó sùn. Mo sunkún, mo gbé ọkọ́, mo hú gbogbo rẹ̀, mo sì dáná sun ún. Ìgbà tí ọkùnrin náà dé, ó káwọ́ lérí. Ó ní koríko a máa sùn nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, omi ló ń jí i, gbòǹgbò rẹ̀ kò kú rárá. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ koríko? Àṣé alààyè ni mo dáná sun. Ó dùn mí wọra.

Mo ti tu ilẹ̀ náà, mo da ìgbẹ́ ẹran sí i, mo fọ́n irúgbìn, mò ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo sì ń lé adìẹ bí ọmọdé. Kò tíì hù. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, irúgbìn ò tó, rọ́bà tí mo fi ń fa omi sì ti ya. Má fi sí báǹkì o, wọ́n ní owó mi wà nínú ẹ̀rọ tó ń pọwó, mo yọjú wo ihò rẹ̀ títí, n kò rí nǹkan kan.

Àná lọ̀rọ̀ tó o kọ sórí fóònù dé: “Bàbá, Màmá ti sùn.” O ò fi nǹkan kan kún un. Mo pa fóònù náà, mo dì í sínú aṣọ, kí ìròyìn kankan má baà ráyè wọlé. Tó bá jẹ́ oorun lásán ni, jí i fún mi, sọ fún un pé mò ń bomi rin koríko rẹ̀. Tó bá jẹ́ oorun kejì, má tíì dá mi lóhùn. Ìjáde rẹ á dára, ìwọlé rẹ á dára, o kò ní rí ohun tó ju agbára rẹ lọ. Ṣáà jẹ́ kí koríko náà hù ná.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.