Wọ́n Ní Mo Sùn Nídìí Ọkọ̀

Ọjọ́rú, Kábà.

Èmi! Wọ́n ní mo sùn!

Ọ̀gá fi fọ́tò tí kámẹ́rà inú ọkọ̀ yà lánàá hàn mí: mo tẹ orí ba, mo wolẹ̀. Ó ní kí n fọwọ́ sí ìwé pé mo sùn lọ.

Mo ní, "Ọ̀gá, bàbá ìyàwó mi ló jókòó lẹ́bàá ọ̀nà ní Ìyàrá. Mo ń kí wọn ni."

Ó ní, "Kámẹ́rà kì í purọ́."

Mi ò fọwọ́ sí i. Kò yẹ kí n gbójú kúrò lọ́nà, ìyẹn mo gbà. Àmọ́ ṣé kí n wá kọjá lára àna mi bí ẹni rí òkúta?

Lọ́la màá páàkì, màá sọ̀ kalẹ̀, màá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún wọn níwájú kámẹ́rà. Kó kọ ìyẹn náà sílẹ̀ pé oorun ni.