Ohun Tí Ojú Gernot Rí Lórí Orin Ìyá Prugger

Graz,
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejì, ọdún 2011.

Henrike, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí gbogbo ará ilé yín ní Denmark níbẹ̀. Báwo ni orúnkún tó máa ń dùn ọ́ nígbà òtútù? Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ lórí ìdúró, kó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Ní tèmi, ara ń ṣe bí ara àgbà. Ọwọ́ òsì mi ti ń kú lórí okùn gìtá, ṣùgbọ́n mo ń jẹun, mo ń sùn, Notburga ìyàwó mi sì ń bú mi lójoojúmọ́, nítorí náà mo mọ̀ pé mo ṣì wà láàyè.

O kọ̀wé pé o gbọ́ lórí rédíò pé Gernot Traxler ń ta gìtá lẹ́yìn Silvester Prugger, o sì bi mí bóyá àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà o. Ì bá sàn ká ní àwàdà ni. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, láti ibi tí ìwọ náà mọ̀ dé ibi tí o kò mọ̀.

O rántí bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Leoben, nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ìsọ̀ alápatà, tí òórùn ẹ̀jẹ̀ àti ata máa ń sọ̀ kalẹ̀ bá wa. Ibẹ̀ la ti fún ẹgbẹ́ wa lórúkọ, Sonntagsbraten, ẹran sísun ọjọ́ Àìkú. Ìwọ ń lùlù, èmi ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, Lothar ń tẹ dùùrù, Gernot sì wà níwájú pẹ̀lú gìtá rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀. Ẹnu yẹn! Ọlọ́run fún àwọn mìíràn ní ohùn, abẹ ló fún Gernot. Ó bú bíṣọ́ọ̀bù, ó bú gómìnà, ó bú àwọn olówó tó ń yìnbọn pa àgbọ̀nrín láàárọ̀, tí wọ́n á tún máa sunkún lálẹ́ torí ajá wọn kú. Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín títí bíà fi ń gba imú wọn jáde. A ka ara wa sí olódodo, torí àwọn alágbára la ń bú.

Prugger kì í ṣe alágbára. Ọmọ àgbẹ̀ kan ni, tó ń wọ súùtù funfun, tó ń kọrin òkè àti òdòdó fún àwọn opó àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ó sunkún lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, wíìgì rẹ̀ sì yẹ̀ sẹ́yìn. Ilé mi ni Gernot ti wò ó, àwo ọbẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní, "Veit, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló fi eléyìí ránṣẹ́ sí mi." Kí kọfí tí Notburga gbé wá tó tutù, ó ti kọ "Màmá, Wolẹ̀ Wò Mí" tán.

Ìwọ náà mọ orin náà. Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, ibẹ̀ gan-an ni ìkà rẹ̀ wà. Ọmọ kan ń bẹ ìyá rẹ̀ tó wà lọ́run pé kó wolẹ̀ wo òun, kó sọ fún òun bóyá òun ṣì lẹ́wà, bóyá irun òun tò. Gernot á jáde pẹ̀lú súùtù funfun àti wíìgì ràgàjì, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì á máa tú omijé láti abẹ́ rẹ̀ sára àwọn tó jókòó níwájú. Gbogbo Austria ń kọ ọ́, ó ré kọjá ààlà dé Munich, dé Hamburg. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọ ọ́ sí olùkọ́ létí.

Nígbà tó di ìgbà ọjà ńlá ìlú Wels, àwọn ènìyàn gbé ìbọn olómi àwọn ọmọdé wá síbi tí Prugger ti ń kọrin, kí wọ́n lè fi ṣe omijé inú orin wa. A wà lẹ́yìn àgọ́ bíà, a ń wò ó. Wọ́n ń yìn ín lómi lójú, lẹ́nu, nínú etí. Kò sá. Ó kọ orin rẹ̀ dé òpin, súùtù funfun yẹn lẹ̀ mọ́ ọn lára títí a fi ń rí ìlà àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀, ó sì tẹrí ba fún wọn. Gernot rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú.

Lẹ́yìn náà ni Prugger wọlé tọ̀ wá wá nínú yàrá tí a ti ń múra, omi ń kán lára rẹ̀ sórí ilẹ̀ pákó. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Traxler, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni kí ẹ máa bú. Ẹ bú irun mi, ẹ bú ohùn mi. Ìyá mi nìkan ni kí ẹ yọ kúrò níbẹ̀." Gernot wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Ìyá rẹ kò gbọ́ mọ́, Silvester, orí ti yọ ọ́. Àwa tó kù la ṣì ń gbọ́ orin rẹ. Lọ gbẹ ara rẹ, o ń ba ilé onílé jẹ́." Lothar bú sẹ́rìn-ín. Ìwọ nìkan lo dìde, tí o fún ọkùnrin náà ní táwẹ̀lì.

Ohun tí táwẹ̀lì yẹn kó bá ọ, o mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Láti ọjọ́ kejì ni Gernot ti ń pe ọ́ ní Opó Prugger níwájú èrò. "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Opó Prugger lórí ìlù! Ẹ wò ó bó ṣe ń lu ìlù, ọ̀fọ̀ ló ń ṣe!" Láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí o fi igi ìlù sílẹ̀ lórí àga ní Salzburg tí o sì wọ ọkọ̀ ojú irin, ó sọ fún èrò pé o ti lọ tọ ọkọ rẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ohunkóhun tó bá ti sọ, ẹ̀rín ni.

Níbi tí o kò mọ̀ nìyí. Ọdún tó tẹ̀ lé ìlọ rẹ ni ògo wa, ìyẹn la sì fi mọ̀ pé ó ti tán. Gómìnà tí a ń bú ló jókòó ní ìlà iwájú, ó ń lu itan rẹ̀, ó ń pariwo pé, "Èmi lẹ̀ ń bá wí! Ẹ tún un ṣe!" Bíṣọ́ọ̀bù ní kí Gernot bu ọwọ́ sí àwo orin fún òun. Gernot ń jẹrora. Ó ní, "Veit, mo gún wọn lọ́bẹ, wọ́n ní mò ń rìn wọ́n ní ìgàkè." Ó túbọ̀ ń pọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú, àwọn náà túbọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, àwọn tó ń bú kú tán, ọ̀dọ́ kò mọ ẹni tó ń sọ. Lothar lọ ń kọ orin ìpolówó sọ́sééjì. Èmi àti Gernot ń ṣeré níbi tí wọ́n ti ń ṣí ìsọ̀ táyà ní Kapfenberg, ọkùnrin kan sì yọ orí láti abẹ́ ọkọ̀, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ rọra, à ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀."

Ní gbogbo àkókò yẹn, ilé àwọn arúgbó ni Prugger ti ń kọrin. Kò síbi mìíràn tó gbà á. Ó sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé ìyá arúgbó kan níbẹ̀ ló ní kó kọ "èyí tó sọ nípa màmá" fún òun. Ìyá yẹn kò mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni. Prugger yọ ọ̀rọ̀ irun kúrò, ó fà á jẹ́jẹ́, gbogbo ilé sì ń sunkún. Nígbà tó fẹ́ gbé e jáde, ó ránṣẹ́ wá tọrọ àyè lọ́wọ́ Gernot. Gernot fi ẹ̀rín bu ọwọ́ sí ìwé náà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́! Màlúù ti fẹ́ gún ara rẹ̀ lọ́bẹ." Orin náà tàn dé gbogbo abúlé bí orin ọ̀fọ̀, ṣùgbọ́n Gernot kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tó já sí. Kì í gbọ́ rédíò. Ó ní àwọn òmùgọ̀ ló wà níbẹ̀.

Ìgbà òjò dídì tó kọjá ni ìyá Gernot kú ní abúlé wọn lẹ́bàá Trofaiach. Mo lọ síbẹ̀. Wọ́n ti gbé pósí dé etí sàréè, àwọn onífèrè abúlé sì to ara wọn pẹ̀lú fìlà onírun. Àlùfáà ní, "Ìyá Traxler ti sọ fún mi kó tó kú pé orin tí ọmọ òun kọ fún òun ni kí a fi sin òun." Fèrè bẹ̀rẹ̀. "Màmá, Wolẹ̀ Wò Mí." Henrike, gbogbo abúlé ló mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé e, àgbà àti èwe, ojú wọn kún fún omijé.

Gernot kígbe. Ó ní, "Àwàdà ni! Ẹ dákẹ́, orin ẹ̀fẹ̀ ni! Mo fi ń ṣẹ̀sín ni!" Àwọn kan yíjú padà bí ìgbà tí ọ̀mùtí bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àbúrò ìyá rẹ̀, Kreszenz, obìnrin kékeré tó ń fi ọ̀pá rìn, rìn tọ̀ ọ́ lọ, ó sì gbá a létí gbàmù. Ó ní, "Pa ẹnu rẹ dé. Ohun rere kan ṣoṣo tí o ṣe fún un nìyẹn, o tún fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní etí sàréè." Gernot pa ẹnu dé. Wọ́n kọ ọ́ tán, wọ́n tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni Prugger pè é lórí fóònù láti bá a kẹ́dùn, ó sì ní kó wá máa ta gìtá sí orin náà fún òun. Mo rò pé yóò bú u. Gernot béèrè ọjọ́ tí òun máa bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́lòmíràn tó ń pè é mọ́.

Mo lọ wò wọ́n ní Klagenfurt ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. Gbọ̀ngàn kún. Prugger jáde pẹ̀lú súùtù funfun, kò dé wíìgì mọ́, orí rẹ̀ ń dán. Ó fi ọwọ́ gbá Gernot mọ́ra, ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi, nígbà tí mo wà nínú ọ̀fọ̀, gbogbo ayé ń fi mí ṣẹ̀sín. Ọkùnrin yìí ló kọ orin fún ìyá mi. Ẹ dìde fún un." Wọ́n dìde. Gernot tẹrí ba. Ó ta gìtá náà jẹ́jẹ́, kò ṣẹ́jú, kò yínmú, bí ọmọ tí wọ́n ní kó dúró jẹ́ẹ́ níwájú olùkọ́.

Lẹ́yìn eré, mo bá Prugger níbi kọfí. Mo ní, "O ti dárí jì í, o sàn jù wá lọ." Ó wò mí pẹ̀lú ojú tútù yẹn. Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ? Mi ò dárí ji ẹnì kankan. Tí mo bá bú u, yóò bú mi padà, ẹnu rẹ̀ á sì tún jí. Ọpẹ́ ni mo fi ń dú u lójoojúmọ́ níwájú èrò. Kò sí èsì fún un. Ṣé o rí i bó ṣe ń tẹrí ba?" Ó sì bu ṣúgà sínú kọfí rẹ̀, ó rò ó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo lọ bá Gernot. Mo ní, "Jẹ́ ká máa lọ sílé. Ọkùnrin yìí ń pa ọ́." Ó ní, "Veit, ṣé o gbọ́ bí wọ́n ṣe dákẹ́? Nígbà tiwa, ǹjẹ́ wọ́n dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí?" Mo ní kó rántí Wels. Ó ní, "Wels wo? Ọ̀rọ̀ àwọn oníwèé ìròyìn nìyẹn. Mo kọ orin yẹn látọkàn wá. Ìyá mi ni mo kọ ọ́ fún." Mo ń wá ẹ̀rín lójú rẹ̀, Henrike. Mo wá a títí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ó béèrè rẹ. Ó ní Prugger ń wá ẹni tó lè lùlù jẹ́jẹ́, ó ní òun yóò pè ọ́, pé o máa ń fẹ́ràn orin yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kó tó pè ọ́. Yóò bá ọ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, yóò pè ọ́ ní arábìnrin. Má wá. Ẹnu tó lé ọ kúrò ti kú, ẹni méjì tó kù níbẹ̀ kò sí èyí tó yẹ kí o lùlù fún.

Kí Ọlọ́run fi ẹsẹ̀ tó le fún ọ lórí yìnyín. Kí iná ilé yín má kú, kí ọkọ rẹ má sú ọ, kí àwọn ọmọ rẹ má fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Bá mi kí gbogbo wọn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ àti ẹgbẹ́ rẹ lórí ìtàgé,
Veit Moosbrugger.

Mo tún rántí: mo ti sọ fún Notburga pé bí mo bá kú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ orin náà níbi ìsìnkú mi. Mo ní kó búra. Ó ń bó ọ̀dùnkún lọ́wọ́, kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ṣùgbọ́n orin náà dùn, Veit."