Okùn Ẹsẹ̀ Màmá

Alabama, oṣù Kẹta, 1962

Ẹ̀gbọ́n mi Thaddeus,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín Verlene àti àwọn ọmọ. Ṣé òtútù Detroit ti rọlẹ̀ díẹ̀? Owó tí ẹ fi ránṣẹ́ dé, a ti fi tún òrùlé ṣe. Orúnkún Màmá ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ ní kí n fi okùn tí a fi wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́, kí ẹ bá a ra bàtà lọ́hùn-ún. Kò sí okùn mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Tolliver. Ẹ kúkú mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú ti ẹsẹ̀ bọ bàtà wọn kó tó rà á, okùn tí a fi wọn ẹsẹ̀ nílé la máa ń mú lọ. Màmá jókòó sórí àga àwọn òyìnbó, ó bọ́ bàtà.

Tolliver tí kò tó yín lọ́jọ́ orí pe orúkọ mọ́ ọn lórí: "Hattie, okùn rẹ dà?"

"Mo ti sọ ọ́ nù. Okùn kọ́ ló fẹ́ wọ bàtà, ẹsẹ̀ mi ni."

Ó pe ọlọ́pàá, wọ́n sì gbé Màmá síta pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán.

Láti ìgbà náà, bí mọ́tò bá ti rọra kọjá níwájú ilé, mo máa ń rò pé àwọn òyìnbó ti wá bá wa jà nìyẹn. Màmá ń padà lọ sọ́dọ̀ Tolliver ní Sátidé tó ń bọ̀, àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ń bá a lọ, èmi náà ń lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró dè yín, kò gbà.

Ọlọ́run á pa yín mọ́ fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè wọ ọkọ̀ ojú irin. Màmá ní kẹ́ ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tí kò ya, torí ẹ̀yin náà máa bọ́ bàtà.

Àbúrò yín,
Ernestine