Ilé Tuntun fún Kámẹ́rà Onígi

Odò-Ọlà, Èkìtì.

Táyéwò ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Charity ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ìjọba ńkọ́? Ara tiwa náà le, àyàfi orúnkún ìyá rẹ tó ń dún bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì nígbàkígbà tí òjò bá ṣú. Ọlọ́run tó jẹ́ ká rí ọdún yìí kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ ní títì Ìpájà yẹn, ọkọ̀ kò ní rí ọ gbá, ọ̀gá kò ní rí ọ lé. Jọ̀wọ́ ṣe àmín kó o tó máa kà á lọ, torí mi ò sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ.

Mo gbọ́ ohùn rẹ tó o fi ránṣẹ́ sínú fóònù. Mo dá ọ lóhùn, o ò dúró gbọ́, ńṣe lò ń sọ̀rọ̀ lọ bí ẹni pé kì í ṣe èmi ni mo bí ọ, títí Fọláṣadé ọmọ àbúrò mi fi ṣàlàyé pé ohùn lásán ni, pé ìwọ fúnra rẹ kò sí nínú rẹ̀. Mo ní ohùn tí kò sí èèyàn nídìí rẹ̀, ta wá ni mo ń kí láti àárọ̀? Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ, ti ibi tí yóò máa gbé nígbà tí èmi àti ìyá rẹ ò bá sí mọ́, irú rẹ̀ kò sì yẹ kó gba orí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá, torí gbogbo ayé ló ń gbọ́ tiwọn lórí òpó kan náà.

O ní fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwa onífọ́tò. Òótọ́ ni jàre, kò sẹ́ni tó ń wá mọ́. O ní ká fi yàrá tí mo ti ń ya fọ́tò fún obìnrin oní-POS, a ti fún un, ó ti gbé tábìlì rẹ̀ dé. Mo ṣì ń wò ó pé báwo ni odindi báǹkì ṣe ráyè wọ ohun tí kò tó páálí ṣúgà, máníjà ńkọ́, ibo ló ń jókòó sí? O tún ní wàá bá àwọn kámẹ́rà mi wá ilé tuntun. O ti gbé àwòrán wọn sórí fóònù, àwọn èèyàn lágbègbè yín sì ti ní àwọn fẹ́ wọn. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí, torí ẹni tó bá fẹ́ gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́, ó yẹ ká kọ́kọ́ rí ojú ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kékeré méjì tí Mùtíù awakọ̀ gbé wá fún ọ, ibi ire ni wọ́n bọ́ sí. Tíṣà Bàrákàt tó gba ọ̀kan fún àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ ní Ìpájà pè mí, ó kí mi dáadáa, mo bi í bóyá kámẹ́rà ń rí fíìmù jẹ, ó ní ó ń rí jẹ. Àfi bó ṣe pè mí ní Bàbá Bólúwadúró. Mo ní Bólúwadúró wo? Ó ní ọmọ yín tó wà ní Ẹgbẹ́dá ni sà, àbí òun ṣi nọ́ńbà pè ni. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé o ò jẹ́ Táyéwò mọ́ lọ́hùn-ún. Mi ò bínú. Ẹni tó bá gbọ́ Táyéwò á béèrè Kẹ́hìndé, ó sì ti rẹ̀ ọ́ láti máa dáhùn.

Ó wá ku kámẹ́rà ńlá onígi, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, aláṣọ dúdú. O ní ọ̀gá kan ní Ẹ̀sítéètì Gowon fẹ́ ẹ, pé kò ní fi ya ẹnikẹ́ni, pé ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣàn ló fẹ́ gbé e sí kó máa wu àlejò. Họ́wù! Ojú tó là sílẹ̀ ní pálọ̀ èèyàn, tí wọn ò sì ní kó wo nǹkan kan? Síbẹ̀ mo gbà, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mo ti darúgbó mo tún ń ṣagídí.

Kámẹ́rà yẹn ni mo fi ya fọ́tò ìwọ àti Kẹ́hìndé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ kú, tí ìyá rẹ ní òun ò ní fọ́tò rẹ̀ kankan, ilé onífọ́tò o, mo gbé ọ jókòó sápá òsì bẹ́ǹṣì, mo bo ìdajì ojú kámẹ́rà, mo yà ọ́. Mo gbé ọ bọ́ sápá ọ̀tún, mo bo ìdajì tó kù, mo tún yà ọ́. Bí a ti ń ṣe é fún gbogbo ìbejì tó bá ṣẹ́ ku ẹnìkan nìyẹn. Fọ́tò jáde, ẹ di méjì. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é, mo sì mọ̀ dájú pé ìwọ nìkan ló jókòó lápá méjèèjì. Fi ìyẹn sọ́kàn kó o tó ka èyí tó kù, kó o má bàa ní iyè bàbá rẹ ti rá.

Ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú. Mo gbé kámẹ́rà náà síta láti nù ún, kí ará Gowon má bàa ní ìdọ̀tí la fi ránṣẹ́ sí òun. Mo ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú kí n wò ó bóyá gíláàsì ẹ̀yìn ti mọ́. O mọ̀ pé gbogbo ohun tó bá wà níwájú kámẹ́rà yẹn, orí ni wọ́n máa ń fi dúró nínú gíláàsì, bẹ́ẹ̀ ni òyìnbó ṣe ṣe é, kò léwu. Igi máńgòrò forí dúró, adìẹ ń forí rìn, obìnrin oní-POS ń forí ka owó. Bẹ́ǹṣì àgbàlá náà dojú dé bó ṣe yẹ. Ọmọ kan jókòó lórí rẹ̀. Ọmọ náà kò dojú dé. Orí rẹ̀ wà lókè.

Mo yọ orí jáde, bẹ́ǹṣì ṣófo. Mo nu gíláàsì, mo nu ojú ara mi, mo tún wọ abẹ́ aṣọ. Ó wà níbẹ̀ lápá òsì, ó wọ ṣòkòtò péńpé ọjọ́ fọ́tò yẹn, ó sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Mo ní bóyá fọ́tò àtijọ́ ló lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Eṣinṣin kan bà lé e lórúnkún, ó sì fọwọ́ lé e lọ.

Mo pe Cecilia ìyá rẹ. Láti ọjọ́ fọ́tò yẹn kò sún mọ́ kámẹ́rà náà rí, ìwọ náà mọ̀. Ó wá, ó ki orí bọ abẹ́ aṣọ, ó pẹ́ níbẹ̀ débi tí mo fi rò pé ó ti sùn lórí ìdúró. Nígbà tó jáde kò sunkún, kò pariwo Jésù. Ó ní ṣé láti ọjọ́ yìí wá, kò tíì sí ẹni tó rí ṣòkòtò mìíràn wọ̀ fún ọmọ yìí ni? Ó wọlé lọ gbé ẹ̀wà kaná.

Ojoojúmọ́ ló ń gbé ẹ̀wà náà sórí bẹ́ǹṣì. Kì í dín, ṣùgbọ́n ó máa ń tutù wéré, bí ìgbà tí ẹnìkan ń fẹ́nu fẹ́ ẹ. Fọláṣadé wò ó, kò rí nǹkan kan, ó ní kí n lọ fi ojú mi han dókítà. Mo ní ti ìyá rẹ ńkọ́, ṣé ojú àwa méjèèjì ló jọ bàjẹ́ sórí ọmọ kan ṣoṣo ni?

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ, ẹ̀rù ń bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù ọmọ mi. Ogbó ti dé sí wa, Táyéwò. Lọ́jọ́ tí a bá lọ, ta ni yóò máa ki orí bọ abẹ́ aṣọ wò ó? Ará Gowon á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn, àlejò á máa gbé ìgò mínírà lé e lórí, ọmọ náà á kàn jókòó, á máa wo ẹ̀yìn wọn. Ọkàn mi ò gbà á.

Nítorí náà, a ti bá kámẹ́rà náà rí ilé. Ọ̀dọ̀ rẹ ni. Bá mi bẹ ará Gowon, sọ fún un pé ara ilé ni, kì í ṣe ẹrù, bó bá jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ ló ń wá, kó lọ ra òdòdó. Mùtíù tó fún ọ ní lẹ́tà yìí ní Ìkòtún ló gbé e dání. Ó fẹ́ jù ú sí búùtù, ìyá rẹ yarí, ó san owó ìjókòó kan fún un lójú fèrèsé. A ò sọ ìdí rẹ̀ fún Mùtíù, ìwọ náà má sọ fún un, ìyàwó méjì ló wà nílé ẹ̀, ìdààmú rẹ̀ ti tó. Aṣọ wà nínú báàgì tó bá a wá. Ìyá rẹ rán méjì, ọ̀kan fún ọmọdé, ọ̀kan ní ìwọ̀n tìrẹ, torí a ò mọ èyí tí yóò bá a mu tó bá ti rí ọ.

Gbé kámẹ́rà náà dúró ní pálọ̀, gbé àga méjì síwájú rẹ̀. Ìwọ jókòó sí ọ̀kan, kí Charity ki orí bọ abẹ́ aṣọ. Ṣùgbọ́n kó tó wò ó, sọ orúkọ rẹ gan-an, Táyéwò, fún un, àti ìdí tó o fi ń jẹ́ ẹ. Bó bá ní ìwọ dojú dé, tí ẹnìkejì rẹ jókòó dáadáa, ìwọ má mikàn, kí òun náà má pariwo, ojú máa ń ti ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni o, bó ti wù kó kéré tó, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún.

Fi owó díẹ̀ rán Mùtíù sí wa fún oògùn orúnkún, má fi í gba inú ẹ̀rọ obìnrin oní-POS yẹn. A ò béèrè owó ẹ̀wà mọ́, ìwọ ni wàá máa sè é.

Mùtíù ṣì ń bu omi sí ọkọ̀ bí mo ti ń kọ èyí. Kí a tó ká kámẹ́rà náà, mo ní kí n wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí lórí bẹ́ǹṣì. Ìyá rẹ ní kí n yí i sí apá ọkọ̀. Ọkọ̀ dojú dé nínú gíláàsì, taya rẹ̀ ń wo ọ̀run, òun ti jókòó lójú fèrèsé, orí rẹ̀ lókè. Ìyá rẹ lọ dúró síwájú fèrèsé yẹn, ó ń juwọ́ sí ìjókòó òfìfo, ó ń pe oríkì rẹ̀, ó juwọ́ títí ọwọ́ fi ro ó. Mo ń wò ó lábẹ́ aṣọ. Ọmọ náà kò wò ó. Ọ̀nà Èkó ló kọjú sí. Mi ò lè sọ ìyẹn fún ìyá rẹ, mo ní ó juwọ́ padà.

Ọlọ́run á dá ẹ̀yin méjèèjì sí. Ẹ ó dàgbà, ẹ ó hewú, ẹ ò ní fi ara yín sílẹ̀ mọ́.

Èmi ni bàbá yín,
Festus Ilésanmí.