Ẹ̀tù Inú Agolo

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ Ìyá ṣì ń dùn wọ́n, àmọ́ wọ́n ń rìn. Ìjì ṣí páànù ilé ìdáná, a ti kàn án padà.

Mo mọ̀ pé mò ń fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ojú ọ̀tún Bàbá ti fọ́.

Ẹ̀tù ìbọn wọ́n bí ojú níbí, lẹ ṣe fi irú tuntun yẹn ránṣẹ́. Òun ni Bàbá fi ki ṣakabùlà wọn, òun náà ni wọ́n bù síbi tí òkúta ti ń ṣáná. Wọ́n yìn ín, òkúta ṣáná, ìbọn ò dún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n wo ohun tó ṣe é. Ìgbà náà ló bú gbàù sí wọn lójú.

Alágbẹ̀dẹ ní ẹ̀tù tuntun kì í tètè gbiná, pé ògidì ẹ̀tù àtijọ́ díẹ̀ ló yẹ kó wà níbi òkúta. Bàbá ní àwọn náà mọ̀. Ògidì náà ṣì ku díẹ̀ nínú agolo lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn.

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò lò ó?"

"Ti ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Tó bá dé, àwa méjèèjì la jọ máa lọ sígbó."

Ìyá ní, "Ọdún wo ló ti ń bọ̀?"

Bàbá ò bínú sí yín o. Ojú yín ò ní ríbi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀tù ránṣẹ́ mọ́. Ẹ wá fúnra yín, kí ojú kan tó kù lè rí yín.

Èmi àbúrò yín obìnrin.