Imú Bàbá Òjìji

Oṣù Elafebolioni, ọjọ́ kejì
Timesio ọmọ mi tún lọ jókòó sí ìloro lọ́dọ̀ Bàbá Òjìji. Onasandiro lorúkọ olùkọ́ ọgbọ́n náà, èmi ni mo fún un ní ìnagijẹ. Ẹwà tòótọ́, ó ní ojú kì í rí i. Arẹwà tá à ń rí, òjìji ni. Àwòrán rẹ̀ wá jẹ́ òjìji òjìji. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú Atẹni ń pàtẹ́wọ́ fún un. Òpònú! Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, iṣẹ́ ìbòjú eléré ni mo fi tọ́ ọ — ó ní òun ò ní fọwọ́ kan àtè tí a fi ń lẹ ìbòjú mọ́. Tí àjọ̀dún eré oṣù yìí bá ti parí, yóò bá olùkọ́ rẹ̀ lọ sí ìlú Megara.

Ọjọ́ kẹta
Iṣẹ́ dé! Eré apanilẹ́rìn-ín kan fẹ́ fi Bàbá Òjìji ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú gbogbo ìlú. Wọ́n ní ojú rẹ̀ gan-an ni kí n fi ṣe ìbòjú. Imú yẹn — tó máa ń ṣáájú olówó rẹ̀ wọlé.

Ọjọ́ karùn-ún
Bàbá Òjìji wá sí ìsọ̀ mi, ó fi aṣọ borí bí olè adìẹ. Ó kọ́kọ́ wàásù: irọ́ ni mò ń fi aṣọ ọ̀gbọ̀ àti àtè lẹ̀. Mò ń lẹ irọ́ mi lọ. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ rọ̀: ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín imú yẹn kù díẹ̀. Háà! Ṣé nítorí òjìji òjìji ló ṣe ń bẹ̀bẹ̀ yìí?

Ọjọ́ kẹfà
Mo sọ fún Timesio. Ó lọ bi í. Ẹlẹ́nu méjì ní òun ò mọ ìsọ̀ mi rí. Ọmọ mi ní irọ́ ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀. Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ keje
Ó fẹ́ ẹwà? Ó máa rí ẹwà. Mo gé imú ìbòjú náà dànù, mo ṣe ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀ bíi ti òrìṣà.

Ọjọ́ kọkànlá
Òṣèré gbé ìbòjú mi wọ ojú agbo. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn òǹwòran ń bira wọn lẹ́yìn mi pé ta wá nìyí. Eré forí ṣánpọ́n, àwọn eléré sọ ìbòjú náà lù mí, wọ́n sì bú mi bí ẹni ń bú ẹran. Timesio bá mi délé, ó wọ yàrá lọ di ẹrù rẹ̀.

Àfi gìrì! Bàbá Òjìji já wọlé. Inú ń bí i! Ó ní díẹ̀ lòun ní kí n dín, mo wá gé gbogbo rẹ̀. Ní gbogbo Atẹni, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òun ni!

Timesio yọ láti yàrá, ó ní òun ti gbọ́ irọ́ olùkọ́ òun. Bàbá Òjìji tún fi aṣọ borí. Ọmọ mi kò sì dá èmi náà sí: ó ní tèmi gan-an burú jù, pé mo fi ìbínú ba iṣẹ́ rere jẹ́. Òótọ́ ni, ó dùn mí.

Ló bá sọ ẹrù kalẹ̀, ó gbé ìbòjú náà, ó rẹ ọ̀gbọ̀ sínú àtè. "Olùkọ́, ẹ jókòó jẹ́ẹ́," ló wí, "kí n wo imú yín dáadáa."