Àmọ̀kẹ́ Tí Ẹ̀rọ Kò Mọ̀

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́ o. Ọmọ yín ṣe ohun kan tí ẹnu rẹ̀ ò lè pa mọ́, ẹ̀yin sì ni mo kọ́kọ́ fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún. Kọ̀ǹpútà yín ti jí padà. Ohùn yín wà nínú rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é.

Ẹ mọ̀ pé kò síbòmíràn tí ohùn yín wà. Fóònù yín ti bàjẹ́ kí ẹ tó lọ. Gbogbo oríkì wa tí ẹ jókòó kì sínú ẹ̀rọ nígbà tí àìsàn ṣì ń fún yín láyè, apá kan kọ̀ǹpútà náà tí ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwọlé tì pa ló wà. Ọmọbìnrin tí mo bí lẹ́yìn yín kò gbọ́ ohùn ìyá ìyá rẹ̀ rí. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn.

Kọ̀ǹpútà náà kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, ó ń kú. Mo ní kí n fún un ní Windows tuntun. Ó ṣe é dé ìdajì, ó dúró, ojú rẹ̀ ṣú dùdù. Filáàṣì tí mo fi gbé Windows náà sínú rẹ̀ ni kò dáa. Mo lọ yá òmíràn lọ́wọ́ ará Nàìjíríà tó ń ta fóònù lẹ́bàá ọjà. Ìyẹn wọlé wẹ́rẹ́, mo jó yíká pálọ̀. Àṣé mo ti yára jó. Nígbà tí mo fẹ́ ṣí apá tí ẹ tì, mo tẹ oríkì mi lẹ́ẹ̀mejì léra, bí ẹ ṣe sọ fún mi, bí ẹ sì ṣe máa ń pè mí láàárọ̀. Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tún un tẹ̀, kò gbà. Àmì róbótó dúdú nìkan ló ń hàn níbẹ̀, kì í jẹ́ kéèyàn rí lẹ́tà. Èmi Àmọ̀kẹ́, tí ẹ mọ̀, tí ẹ kẹ́, ẹ̀rọ ìyá mi ní òun ò mọ̀ mí.

Mo pe ọ̀gá tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Èèyàn dáadáa ni. Ó rò pé ẹ ti yí ọ̀rọ̀ náà padà, ó ní ká kúkú nu gbogbo rẹ̀ nù. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ṣé ẹ ó yí orúkọ tí ẹ fi ń pè mí padà láìsọ fún mi ni? Inú bí mi débi pé mo gbàgbé láti fún àlejò lómi mu. Ẹ̀yin ì bá ti fà mí létí.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe kọ́ mi ní títẹ̀wé? Nínú ṣọ́ọ̀bù yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì mẹ́rì tó ń ṣàkóso ìlú Ṣábẹ̀ẹ́, níbi tí ẹ ti ń tẹ̀wé fún àwọn àgbẹ̀ abúlé Ofè àti Bessé, ẹ máa ń fi ìborùn yín bo ọwọ́ mi mọ́lẹ̀, kí n má baà wo bọ́tìnnì. Ohun tí mò ń kọ ni kí ojú mi máa wò. Mo máa ń sunkún, ẹ ó sì máa fi mí rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ń gbálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni ó sọ sí mi lọ́kàn: ohun tí mò ń kọ gan-an ni n kò rí yìí! Mo ju ọwọ̀ sílẹ̀. Mo ṣí ibòmíràn tí lẹ́tà ti ń hàn, mo sì tẹ oríkì mi síbẹ̀. Ẹ wo ohun tó kọ: q;oke.

Màmá, mo rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí. Windows ará Nàìjíríà rò pé bọ́tìnnì Gẹ̀ẹ́sì ló wà níwájú òun, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ti Faransé ni tiwa ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí. Ibi tí A wà lára tiwa, Q ni wọ́n fi síbẹ̀ lára tiwọn. Ibi tí M wà, àmì ; ni tiwọn. Ìka tí ẹ kọ́ kò ṣàṣìṣe rárá, èdè ni kò yé ẹ̀rọ. Mo yí i sí ti Faransé, mo mú ìborùn yín, mo fi bo ọwọ́ mi, mo tẹ Àmọ̀kẹ́, Àmọ̀kẹ́. Ó ṣí! Orí mi wú. Mo fẹ́ kí gbogbo Ṣábẹ̀ẹ́ mọ ìyá tó bí mi.

Ohùn yín jáde. Ẹ kì wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ wúkọ́ díẹ̀, ẹ wá pe Àmọ̀kẹ́, ẹ sì dákẹ́, bí ẹ ṣe máa ń dákẹ́ tí ẹ bá ń retí kí n jẹ́ yín. Àbúrò yín tó jókòó tì mí sáré di ọwọ́ mi mú. A kì í jẹ́ ìpè ẹni tó ti lọ, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tó kọ́ mi ní ohun tí mo fi rí ohùn rẹ̀ gbà padà, ṣé ibi ni yóò pè mí sí? Mo gbé ọmọ mi mọ́ àyà, mo kúnlẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà, mo sì jẹ́ yín sókè ketekete.

Èmi tí ẹ pè, tí mo sì jẹ́,
Àmọ̀kẹ́ yín.